Ìmọ́lẹ̀ Lílọ́ Nínú Omi Tó Ń Ru

Omi tó gba abẹ́ afárá odò Asa kọjá láàárín ìlú Ìlọrin kì í dúró sí Ìlọrin. Apá àríwá ló ń ṣàn lọ, á pàdé odò Awun, Awun á fà á lé odò Ọya, ìyẹn Niger, lọ́wọ́, Ọya á gbé e gba Lọ́kọ́ja sọ̀kalẹ̀ títí dé ìpínlẹ̀ Bayelsa àti Delta, níbi tó ti ń pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka kó tó wọ òkun. Ọya gùn tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Nínú gbogbo odò Áfíríkà, Nile àti Congo nìkan ló gùn jù ú lọ. Omi dídùn tó kó jọ láti Guinea, Mali, Niger, Benin àti Nàìjíríà, inú omi iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Àwọn omi méjèèjì kì í sì í di ọ̀kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá pàdé. Omi dídùn fúyẹ́, òkè ló máa ń wà. Oníyọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ìgbì, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn á wá máa ti èkíní bọ inú èkejì, wọ́n á máa wé mọ́ra, wọ́n á máa ya sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dọ́gba. Bí ẹnì kan bá tan iná lésà gba inú irú omi bẹ́ẹ̀, kódà kó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ náà kò ní dé òdìkejì bó ṣe gbéra. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà, àti ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá láti ṣe ìmọ́lẹ̀ tí irú omi yìí kò ní tètè bà jẹ́, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Lésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ìgbì inú rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ papọ̀. Theodore Maiman ló kọ́kọ́ mú un tàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi fẹ́ gbé e wọ inú òkun? Ìdí ni pé àwọn ọ̀nà yòókù tí a fi ń ránṣẹ́ kò wúlò tó lábẹ́ omi. Ìgbì rédíò tó ń gbé ìpè fóònù àti Wi-Fi kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ nínú omi iyọ̀ kó tó kú, torí pé iyọ̀ ń jẹ́ kí omi máa gbé iná mànàmáná. Ìró ń rìn jìnnà ní tirẹ̀. Ó ń sá tó 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú òkun, òun sì ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti ń gbára lé láti ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ ẹrù tí ìró lè gbé kéré, kò lè gbé fídíò tó mọ́ kedere láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní nǹkan bí 225,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá nínú omi, ẹrù tó sì lè gbé ju ti ìró lọ ní ọ̀nà tó jìn síra gan-an.

Iṣẹ́ wà fún un ní etíkun tiwa. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní awakọ̀ ló ń yẹ páìpù epo wò nísàlẹ̀ òkun níwájú Niger Delta, wáyà gígùn ni wọ́n sì fi ń so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ọkọ̀ tó wà lókè kí àwòrán lè máa dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lábẹ́ òkun níwájú Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà sì fara gbá a. Lésà ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú àwọn wáyà yẹn náà, ṣùgbọ́n inú okùn gíláàsì tín-ín-rín ni wọ́n pa á mọ́ sí, omi òkun ò lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí kò ní gíláàsì kankan tó bò ó ni tèmi yìí, èyí tí òun àti omi jọ kojú ara wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí omi ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀ ni pé ó ń gbé e mì. Àwọ̀ pupa kì í jìn kó tó tán. Àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé, tí gígùn ìgbì wọn wà láàárín 450 sí 550 nanomítà, ni wọ́n ń pẹ́ jù. Láàárín òkun gbalasa, búlúù ló ń borí. Létíkun, níbi tí ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà àti àwọn ewéko kéékèèké inú omi wà, àwọ̀ ewé ló ń rìn jìnnà jù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí fi ń lo lésà aláwọ̀ ewé oní 532 nanomítà. Yàtọ̀ sí gbígbé mì, ẹrẹ̀ tún ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká sí gbogbo ìhà.

Ìlọrin mọ apá yìí nínú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àní ó ti wọ inú ìwé ìmọ̀ gbogbo ayé nítorí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ìlọrin di ọ̀kan lára àwọn ibùdó tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún gbogbo ayé. Nígbà tó di ọdún 1998, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ níbẹ̀ fún AERONET, àkójọ ibùdó tí NASA ń darí. Ẹ̀rọ náà ń yí ojú tẹ̀lé oòrùn fúnra rẹ̀, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ló sì ń fi ka iye eruku tó wà lójú ọ̀run. Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Aro ti Ìlọrin àti Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde lọ́dún 2001 lórí ìgbà kan tí eruku ya bo agbègbè wa. Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe lọ. Tí nọ́ńbà eruku bá jẹ́ 1, tí oòrùn sì wà ní àtàrí, nǹkan bí 37 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dé ilẹ̀ ní tààrà. Tó bá di 2, ó kù nǹkan bí 14. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbé eruku Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá bá wa, nọ́ńbà Ìlọrin máa ń kọjá 1 lemọ́lemọ́. Oòrùn á funfun, ojú èèyàn á sì lè wò ó láìṣẹ́jú. Ìṣirò kan náà gan-an ni wọ́n ń lò fún ìmọ́lẹ̀ nínú òkun; ẹrẹ̀ ló kàn rọ́pò eruku.

Ṣùgbọ́n eruku àti ẹrẹ̀ kò lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tó mọ́. Àwọn yẹn ń dín agbára ìmọ́lẹ̀ kù ni. Omi ríru ń ṣe ohun mìíràn: kò jí nǹkan kan nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń da ètò inú rẹ̀ rú. Àwọn tó ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí máa ń da méjèèjì pọ̀, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé oògùn wọn kò jọra.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i nínú ilé. Ẹ wá àpótí gíláàsì tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń sin ẹja wẹ́wẹ́. Ẹ bu omi mímọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lésà ka orí ohun tí kò ní mì, kí ìtànṣán rẹ̀ gba inú omi náà lọ sára ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo inú lésà náà o, torí ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Àmì kékeré kan tó dúró sójú kan ni ẹ óò rí lára ògiri. Ẹ wá po ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta mọ́ omi nínú ife, kí ó yọ́ tán, kí omi náà tún mọ́, kí ẹ sì rọra dà á sínú àpótí láti etí kan. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, kò sí àró. Síbẹ̀, àmì ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í fà gùn, á yọ́ sọ̀kalẹ̀, á pín sí méjì, ìlà wínníwínní tó ń dán á máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣíbí ro omi náà, àmì náà á máa jó. Tó bá pẹ́ tí omi ti dákẹ́, tí iyọ̀ sì ti kárí, àmì á padà di ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi gbígbóná dípò omi iyọ̀: ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, àmọ́ àwọn ìlà wínníwínní yẹn á tètè pòórá ju ti iyọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ṣe pàtàkì, mo máa padà sí i.

Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń dín ìyára ìmọ́lẹ̀ kù. Ti afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1. Ti omi jẹ́ nǹkan bí 1.33. Tí omi bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, nọ́ńbà yìí á fi nǹkan bí 0.0001 dín kù; tí gíráàmù iyọ̀ kan bá wọ inú kílò omi kan, á fi nǹkan bí 0.0002 lé sí i. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí apá kan ìtànṣán bá gba inú omi tó fi ìwọ̀n kan gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì rin mítà 10 níbẹ̀, òun àti apá tó gba ẹ̀gbẹ́ á fi mìlímítà 1 yàtọ̀ síra. Gígùn ìgbì lésà aláwọ̀ ewé yẹn kò ju 532 nanomítà lọ, nítorí náà mìlímítà kan yẹn ń gba ìgbì tó sún mọ́ 1,900. Apá kan ìtànṣán á fi ìgbì 1,900 ṣáájú apá kejì, bẹ́ẹ̀ ohun tó sọ ọ́ di lésà ni pé gbogbo rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ papọ̀. Nínú afẹ́fẹ́, ìwọ̀n ooru kan kì í yí nọ́ńbà yẹn padà ju nǹkan bí 0.000001 lọ. Ìyẹn ni pé omi le ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100.

Kí ni ó ń mú kí ooru àti iyọ̀ má dọ́gba? Ríru omi fúnra rẹ̀ ni. Ní ọdún 1941, Andrey Kolmogorov ará Rọ́ṣíà ṣàlàyé bí agbára ṣe ń rìn nínú omi tó ń ru: ìyípo ńlá á fọ́ sí kéékèèké, kéékèèké á fọ́ sí èyí tó tún kéré, títí yóò fi dé ibi tí kíki omi á ti pa ìṣípòpadà náà, tí agbára á sì di ooru. Ìwọ̀n tí eléyìí ń dópin sí nínú òkun máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà kan, ó lè dín, ó lè lé. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í dópin síbẹ̀. Ooru máa ń tàn káàkiri inú omi ní nǹkan bí ìlọ́po 100 ju iyọ̀ lọ, nítorí náà ooru á ti dọ́gba nígbà tí iyọ̀ ṣì wà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ohun tí ẹ rí lára ògiri nìyẹn. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn jẹ́ Nikishov kọ ìṣirò tó kó ooru àti iyọ̀ pọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò títí di òní. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ómẹ́gà, tó ń rìn láti -5 sí 0. Tó bá sún mọ́ -5, ooru ló ń da omi rú fún ìmọ́lẹ̀. Tó bá sún mọ́ 0, iyọ̀ ni. Gbogbo ìṣirò tí mo mọ̀ lórí rẹ̀ ló ń sọ pé ibi tí iyọ̀ ti jẹ gàba, ìmọ́lẹ̀ ń bà jẹ́ jù níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí etíkun tiwa fi yẹ ní wíwò. Ọya àti Congo ń da omi dídùn sínú Gulf of Guinea, òjò ńlá tún ń rọ̀ lé e lórí, iyọ̀ ojú omi sì ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù tún máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ níwájú Ghana àti Côte d'Ivoire. Òkun kan ṣoṣo, ooru ló ń ṣàkóso apá kan, iyọ̀ ló ń ṣàkóso apá kejì.

Bí ìtànṣán lésà lásán bá wọ inú irú omi yìí, nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é. Á máa ṣáko kúrò lójú àmì, á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa ṣẹ́jú pàkòpàkò bí àwọn ìràwọ̀ ṣe ń ṣe lójú ọ̀run wa, torí pé afẹ́fẹ́ ń ṣe ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ìfìránṣẹ́ láàmú jù. Ẹ̀rọ tó ń gbàmì kò ní mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ṣókùnkùn nítorí pé ẹni tó ránṣẹ́ pa á, tàbí nítorí pé omi gbé e kúrò lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú akàn.

Ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ tí a fi ọgbọ́n ṣe àwòṣe rẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1992, Les Allen, Han Woerdman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Leiden, lórílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí a bá lọ́ ń gbé agbára ìyípo. Nínú lésà lásán, orí ìgbì kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú èyí tí a lọ́, orí ìgbì ń yí po àárín ìtànṣán bó ṣe ń lọ, gẹ́gẹ́ bí fọ́nrán inú okùn. Bí a ṣe lè fi fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta lọ́ okùn, tí a sì lè lọ́ ọ sọ́tùn-ún tàbí sósì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń gba nọ́ńbà 1, 2, 3 lọ sókè, àti -1, -2, -3. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, gbogbo ìgbì náà ń pa ara wọn, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, àmì tó bá bọ́ sára ògiri á sì rí bí òrùka. Lílọ́ yìí kì í ṣe àlá oníṣirò: lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ ní Queensland ní Ọsirélíà tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí sí horo kékeré kan nínú omi, horo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Àǹfààní rẹ̀ fún ìfìránṣẹ́ ni pé nọ́ńbà kan kì í dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Lésà aláwọ̀ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, lè gbé ọ̀rọ̀ kan lórí 1, òmíràn lórí 2, òmíràn lórí 3, kí ẹ̀rọ òdìkejì sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣíṣe rẹ̀ kò nira bí èèyàn ṣe lè rò. A lè fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ìlà gbọọrọ tó tò jọ, kí ọ̀kan nínú wọn là sí méjì láàárín bí ìgbà tí ọ̀nà bá yà. Bí lésà bá gba inú àwòrán yìí kọjá, tí wọ́n tẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí ọ̀rá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láyè, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ á jáde ní lílọ́. Ilé ìwádìí tó lówó máa ń lo ojú gíláàsì kan tí kọ̀ǹpútà ń yí àwòrán inú rẹ̀ padà nígbàkúùgbà.

Wàyí o, kí ni omi ríru ń ṣe fún un? Bó ṣe ń ti apá kan òrùka náà síwájú, tó ń fa apá kejì sẹ́yìn, lílọ́ rẹ̀ á yàtọ̀. Èyí tó gbéra ní 3 á dé pẹ̀lú ìwọ̀nba 2 àti 4 lára. Ẹ̀rọ tó ń dúró de 2 á wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òrùka ń fẹ̀ tó, bó bá sì ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe bọ́ sórí ìyípo omi tó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀, tí wọ́n ń lo 1, 4, 7 dípò 1, 2, 3, kí ohun tó bá jò lára ọ̀kan má tètè dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Irú ìmọ́lẹ̀ mìíràn tún wà. Ní 1987, J. Durnin ṣe ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní Bessel, tí àárín rẹ̀ kì í fẹ̀ fún ìrìn tó jìn díẹ̀, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe tí nǹkan bá dí i, torí pé láti ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀ ti ń wá. Ní 2007, wọ́n ṣe Airy ní Yunifásítì Central Florida, èyí tó ń rìn ní yíyà díẹ̀. Wọ́n máa ń yìn wọ́n gan-an nínú ọ̀ràn òkun. Èmi gbà pé wọ́n wúlò níbi tí ẹrẹ̀ tàbí horo bá dí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ríru omi kò dà bí ìdènà tó wà lójú kan. Ó wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ àtúnṣe yóò ti wá. Èyí tí mo rí i pé ọgbọ́n inú rẹ̀ jinlẹ̀ jù ni ti àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ìbámu ìgbì lésà kù kó tó wọ omi. Ohun tí kò bára mu tán tẹ́lẹ̀, omi kò rí púpọ̀ bà jẹ́ lára rẹ̀. Ṣíṣẹ́jú rẹ̀ ń dín kù. Owó tí a ń san fún un ni pé ìtànṣán náà ń fẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ ní jíjìn.

Mélòó wá ni wọ́n ti dán wò nínú omi tòótọ́? Ní 2016, ẹgbẹ́ Alan Willner ní Yunifásítì Southern California fi ìmọ́lẹ̀ lílọ́ mẹ́rin gbé 40 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá gba inú omi tí kò gùn ju mítà 1.2 lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Clemson ní Amẹ́ríkà gbé 3 gígábíìtì gba mítà 2.96. Ní 2018, àwọn ará Yunifásítì Ottawa gbé tiwọn lọ sínú omi ìwẹ̀ tó wà níta gbangba, mítà 3. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sínú odò Ottawa fúnra rẹ̀, mítà 5.5. Ẹni tó bá ń kà pé ìmọ́lẹ̀ yìí máa rọ́pò wáyà abẹ́ òkun, kí ó wo àwọn nọ́ńbà yìí dáadáa. Iṣẹ́ tó sún mọ́ ọn ni ti ẹ̀rọ tó súnmọ́ ẹ̀rọ nísàlẹ̀ òkun, tó fẹ́ fi fídíò lé e lọ́wọ́ kíákíá.

Nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ti Áfíríkà wá. Andrew Forbes ń darí ilé ìwádìí lórí ìmọ́lẹ̀ aláwòṣe ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg. Ní 2022, Isaac Nape, Forbes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Nature Photonics. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò kò ní ìhà kan ṣoṣo tí ìgbì rẹ̀ ń mì sí: ní ibì kan lójú òrùka, ó ń mì sókè-sísàlẹ̀, níbòmíràn, sọ́tùn-ún-sósì, níbòmíràn, ó ń yí po. Bí wọ́n bá gbé irú ìmọ́lẹ̀ yìí gba inú ohun tó ń ru, àwòrán rẹ̀ á dàrú débi pé ojú kò ní dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn bí àwòṣe ìtànṣán àti ìhà mímì rẹ̀ ṣe so kọ́ra tó, wọ́n sì rí i pé ìsokọ́ra yẹn kò yí padà rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ríru tàbí afẹ́fẹ́ ríru ń ti ìgbì síwá-sẹ́yìn, kì í fọwọ́ kan ìhà tó ń mì sí. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sínú ìsokọ́ra dípò kó kọ ọ́ sínú àwòrán lè bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lódìkejì bó ṣe wà, láìsí pé ó tún omi ṣe tàbí tún ìtànṣán ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń ra awòjìji tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè ṣàtúnṣe ohun tí ríru bà jẹ́; iṣẹ́ Johannesburg fi hàn pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò bà jẹ́ rí.

Ẹni tó wà ní Ìlọrin, tí òkun jìnnà sí, lè ṣe apá ńlá nínú iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. A óò mú òkun tó gùn tó mítà 100, a óò gé e sí ègé 20. Gbogbo àìdọ́gba inú ègé kọ̀ọ̀kan, a óò tẹ́ ẹ sórí ojú kan ṣoṣo, bí àtẹ nọ́ńbà 512 níbùú, 512 lóòró. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ iye tí ìgbì tó bá gba ojú yẹn kọjá yóò fi pẹ́ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké fún àwọn nọ́ńbà náà, àmọ́ kèké náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìṣirò Nikishov, kí ńlá àti kékeré inú rẹ̀ lè wà ní ìwọ̀n bó ṣe wà nínú òkun. A óò gbé ìtànṣán gba àtẹ kìíní, a óò jẹ́ kó rin mítà 5 láìsí ìdíwọ́, a óò gbé e gba èkejì, títí dé ogún. Àwòrán tó jáde jẹ́ ti ìṣẹ́jú akàn kan ṣoṣo nínú ayé òkun yẹn. A óò tún kèké ṣẹ́, a óò tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, kí a tó lè sọ ohunkóhun nípa ṣíṣẹ́jú àti jíjò.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí mo ń rí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níwàǹwára. Bí àtẹ náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, àlàfo láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì jẹ́ nǹkan bí 0.2 mìlímítà. Tẹ́ẹ́rẹ́ iyọ̀ sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kọ̀ǹpútà kò ní rí wọn, òkun orí kọ̀ǹpútà á wá dákẹ́ ju òkun tòótọ́ lọ, pàápàá níbi tí ómẹ́gà ti sún mọ́ 0, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n tó péye ti ṣe kókó jù fún etíkun tiwa.

Ibi tí ìṣirò ti parí, omi ló yẹ kó gbà á. Èrò tèmi ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara odò. Ní Nàìjíríà, Ọya máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn tó ń kọ́ nípa omi ń pe ti àkọ́kọ́ ní ìkún funfun: òjò agbègbè wa ló ń fà á, ó ń lágbára jù ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ìkejì ni ìkún dúdú, omi òkè Guinea tó ti rìn la àbàtà ńlá àárín Mali kọjá, tó ti sọ ẹrù ẹrẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, tó sì ń dé Nàìjíríà ní mímọ́ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Ìsédò Kainji àti ti Jẹ́bà ti dín ìyàtọ̀ yìí kù nísàlẹ̀ wọn, torí ẹrẹ̀ ń rọ̀ sínú adágún, ṣùgbọ́n lókè Kainji ó ṣì wà. Lésà kan náà, tí wọ́n bá tàn án gba inú omi kan náà nígbà ìkún méjèèjì, á fi iṣẹ́ ẹrẹ̀ hàn lọ́tọ̀, á fi iṣẹ́ ooru hàn lọ́tọ̀, nítorí pé kò sí iyọ̀ nínú ìkankan nínú wọn. Iyọ̀ kù sí Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọnú ọ̀sà lọ jìnnà; nígbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á lé e padà, ọ̀sà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sójú kan níbẹ̀ fún ọdún kan, ómẹ́gà yóò rìn kọjá níwájú lésà rẹ̀ láti ìhà ooru dé ìhà iyọ̀ láìjẹ́ pé ó kúrò lójú kan.